Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Tó Jinlẹ̀ Lọ́wọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Rẹ́mọ

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gùn. Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní gírámà, ìyẹn ọ̀rọ̀ ńláńlá tí wọ́n fi ń ya olùgbọ́ lẹ́nu níbi ìnáwó tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́, kò pọ̀ nínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò bá pàdé ní yunifásítì. Ohun tó pọ̀ níbẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ bíi “assume”, “derive”, “sufficient”, “consequence” àti “maintain”. Wọn kì í pariwo, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n lè ka odidi ojú ìwé kan tán láì mú nǹkan kan jáde.

Ní 1953, Michael West, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Bengal, gbé àkójọ ọ̀rọ̀ bí 2,000 jáde, àwọn tó gbà pé ẹni tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe aláìní. Ní 2000, Averil Coxhead ní New Zealand tún ṣa ìdílé ọ̀rọ̀ 570 jọ, àwọn tó ń jáde léraléra nínú ìwé yunifásítì, ì báà jẹ́ ìwé òfin, ti sáyẹ́ǹsì, ti ìṣòwò tàbí ti ìtàn, tí wọn kò sì sí nínú àkójọ West. Ìdílé kan ni “analyse” pẹ̀lú “analysis”, “analyst” àti “analytical”. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa ti sún mọ́ ìyókù. Ọmọ Rẹ́mọ tó kàwé dáadáa ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ máa ń ní èyí tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ West lọ́wọ́, nítorí ó ń gbọ́ wọn ní kíláàsì, lórí rédíò àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àkójọ kejì ni kì í gbọ́ nílé, kì í gbọ́ lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló dúró lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, òun náà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀ka ìṣègùn Olabisi Onabanjo University tó wà ní Ṣágámù.

Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń béèrè nípa ọ̀rọ̀ tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ bí atúmọ̀ èdè bá fi ọ̀rọ̀ líle túmọ̀ ọ̀rọ̀ líle. A. S. Hornby, tó kọ́ni ní Japan, ṣe atúmọ̀ èdè fún àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn. Tokyo ni wọ́n ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ní 1942, Oxford tún un tẹ̀ ní 1948, òun ló sì di ìwé tí a mọ̀ lónìí sí Oxford Advanced Learner's Dictionary. Ohun tó gbé ìwé náà ga ni pé ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ gbólóhùn: ọ̀rọ̀-ìṣe wo ló ń fẹ́ àbọ̀, ọ̀rọ̀-orúkọ wo ni a lè kà ní ení, èjì. Nígbà tó di 1978, Longman gbé tirẹ̀ jáde, nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀ tó rọrùn ni wọ́n sì fi túmọ̀ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ra atúmọ̀ èdè yẹ kó kọ́kọ́ ṣí i sí ọ̀rọ̀ kan tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí àlàyé ibẹ̀ bá le ju ọ̀rọ̀ náà lọ, ìwé náà kò tíì jẹ́ ti ìpele rẹ̀.

Àwọn òbí àti olùkọ́ kan gbà pé ìtumọ̀ Yorùbá ń ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ilé rẹ̀ ní kíláàsì. Ìrírí ilẹ̀ Yorùbá kò gbe èrò yìí lẹ́yìn. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ó sì ti pẹ́ tí iṣẹ́ gbígbé Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ti bẹ̀rẹ̀: 1843 ni ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde ní London, 1913 sì ni atúmọ̀ èdè ti ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS jáde ní Èkó. Ìtumọ̀ Yorùbá ni ilẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé ẹsẹ̀ lé. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú “reluctant”. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọkàn ẹni kò fẹ́ ohun tó máa ṣe, ara rẹ̀ ń fà sẹ́yìn. Bí olùkọ́ bá kọ “He is reluctant” sí ojú pátákó gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn àpẹẹrẹ, kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, nítorí “tall”, “sick” tàbí “honest” lè gba àyè kan náà láì jẹ́ pé gbólóhùn náà yingin. Ẹ wá wo èyí: “The kola trader was reluctant to sell on credit, but she did so because the buyer was her sister's son.” Oníṣòwò obì náà kò fẹ́ tà láwìn, síbẹ̀ ó tà á, nítorí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni oníbàárà. Àìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣíṣe náà wà níbẹ̀, ìdí tí ọkàn fi yí padà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí kò tíì rí ọ̀rọ̀ náà rí lè fa ìtumọ̀ yọ láti inú gbólóhùn nìkan. Òṣùwọ̀n tó dára jù fún gbólóhùn àpẹẹrẹ nìyí: kí a bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, kí a wò ó bóyá ìyókù gbólóhùn yóò tọ́ka sí i.

Ọjà obì ní Ṣágámù nìkan lè fúnni ní odidi ojú ìwé irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. “Perishable” ni ohun tó tètè ń bàjẹ́: “Tomatoes are perishable, but kola nuts wrapped in fresh leaves can keep for months.” Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tòmátò àti obì tí a fi ewé dì sínú apẹ̀rẹ̀ ló gbé ìtumọ̀ náà. “Lucrative” ni iṣẹ́ tàbí òwò tó ń mú owó gidi wọlé: “The kola trade was so lucrative that Hausa merchants settled in Sagamu to be near the farms.” Gbogbo ọmọ Ṣágámù ló mọ Sábó, àdúgbò àwọn Hausa, wọ́n sì mọ ìdí tí àwọn Hausa fi tẹ̀dó síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ti so mọ́ Sábó, kò tún ní sọnù. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn ṣọ́ra: òwò, iṣẹ́ tàbí kọ́ńtíráàtì ló lè jẹ́ “lucrative”. A kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn, bó ti wù kó lówó tó.

Ìkìlọ̀ yẹn ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ ohun tó ń ya ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó há ìtumọ̀ sórí. Ọ̀rọ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ ń rìn. Èyí kò yẹ kó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí èdè tiwa kún fún un. A kì í ṣe àlọ́, a máa ń pa á ni. A ń ta tẹ́tẹ́, a ń dá oko, a ń kọ ebè, a ń jẹ́ ẹ̀jẹ́, a ń dá ẹjọ́. Àlejò tó bá sọ pé òun fẹ́ “ṣe àlọ́” yóò yé wa, ṣùgbọ́n a ó mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé àlejò ni. Ojú kan náà ni olùyẹ̀wò fi ń wo akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “do a crime” dípò “commit a crime”, tàbí “make an investigation” níbi tí “conduct an investigation” yẹ kó wà. Ewu máa ń “pose a threat”. A máa ń “exert pressure” lórí ènìyàn. Ìjọba máa ń “levy a tax”. Ẹni tó máa san owó nǹkan ló ń “bear the cost”. Kò sí òfin gírámà kan tó lè ṣàlàyé ìdí tí “exert” fi yan “pressure” láàyò, bí kò ṣe sí èyí tó lè ṣàlàyé ìdí tí a fi ń pa àlọ́. Ohun tó ṣeé ṣe ni kí a kọ́ wọn pọ̀, kí a kọ wọ́n sílẹ̀ pọ̀, kí a sì há wọn pọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ “exert” nìkan sínú ìwé rẹ̀ ti fi ìdajì ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ níta.

Níbi tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan bá ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, mímọ ọ̀rọ̀ tó ń bá ọ̀rọ̀ rìn máa ń ṣe pàtàkì sí i. “Sún síwájú” ni Yorùbá ń lò bí nǹkan kò bá ní wáyé ní ọjọ́ tí a dá, òun náà ló ń lò bí ìpàdé bá ti bẹ̀rẹ̀ tí a wá dá a dúró di ọjọ́ mìíràn. Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. “Postpone” jẹ́ ti ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀: “The family postponed the burial because the eldest son was still in London.” “Adjourn” jẹ́ ti ìjókòó tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ilé ẹjọ́, ìgbìmọ̀ tàbí ìpàdé: “The town meeting was adjourned when heavy rain drove the elders indoors.” Ẹni tó bá kọ pé wọ́n “adjourn” ìgbéyàwó ń sọ fún òǹkàwé pé ìyàwó àti ọkọ ti dúró níwájú àlùfáà kí wọ́n tó ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé.

Yàtọ̀ sí ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ tún ní ìwúwo. Èyí tó máa ń fa ìtìjú jù nínú àròkọ akẹ́kọ̀ọ́ ni “notorious”. Ẹni tó bá kọ “our notorious principal” rò pé òun ń yin ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà bí gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ ni pé ìwà búburú ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ohun tí a mọ̀ sí ibi ni ọ̀rọ̀ náà wà fún: “That bend on the old road is notorious for accidents.” Bákan náà ni “thrifty” àti “stingy” ṣe ń sọ nípa ẹni tí kì í ná owó ní ìnákúnàá. Ọ̀kan ń yin ẹni tó mọ owó ṣọ́, èkejì ń bú ahun. Atúmọ̀ èdè tó dára máa ń fi àmì sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti fi hàn pé àbùkù wà nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń fò ó nítorí pé ìtumọ̀ nìkan ni ojú rẹ̀ ń wá.

Ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn àti ọ̀nà Benin pàdé ní oríta Ṣágámù, àwọn táńkà epo sì ń gba ibẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru. Ibùdó epo Mósímí kò jìnnà. Lára ọ̀pọ̀ táńkà náà ni a ti ń kà á pé “Highly Inflammable”. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ pé “in-” níwájú ọ̀rọ̀ túmọ̀ sí “kò” tàbí “àì-”, bó ti rí nínú “inaudible”, ohun tí a kò lè gbọ́, lè rò pé táńkà náà ń sọ pé ohun tó wà nínú òun kò lè gbiná. Òdìkejì ni. Ìdílé “inflame” ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, “in-” ibẹ̀ kì í ṣe ti àìsí, epo náà yóò sì gbiná kíá. Nítorí ewu irú àṣìkà yìí ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ààbò lókè òkun fi yan “flammable” dípò rẹ̀. “Invaluable” náà ń tan ènìyàn: kì í ṣe ohun tí kò níye lórí, ohun tí iye rẹ̀ kọjá ohun tí a lè fi owó dá ni. Ẹ̀kọ́ nípa àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ wúlò púpọ̀, ọmọ Yorùbá sì tètè máa ń gbà á nítorí “àì-” àti “oní-” ti kọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń bí ọ̀rọ̀; “bene-” tó ń sọ nípa rere yóò ṣí “benefit”, “benefactor” àti “benevolent” sílẹ̀ fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Síbẹ̀ ìfura ni àfòmọ́ ń fúnni. Atúmọ̀ èdè ni yóò fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó jọra wọn lójú kò gba àlàyé gígùn. “Eminent” ni ẹni tó lókìkí nípa iṣẹ́ rere, “imminent” ni ohun tó ti ń bọ̀ lójú ẹsẹ̀: “Dark clouds gathered over the market; rain was imminent.” “Adverse” jẹ́ ti ipò tàbí àbájáde tí kò dára, “averse” jẹ́ ti ẹni tí kò fẹ́ nǹkan. Kí a kọ wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn pẹ̀lú gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ó parí.

Ọ̀rọ̀ tí Nàìjíríà ti yí padà ni ó ṣòro jù láti dá ẹjọ́ lé lórí. “I have told him severally” ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ fún “mo ti sọ fún un lọ́pọ̀ ìgbà”, bẹ́ẹ̀ “lọ́tọ̀ọ̀tọ̀” ni “severally” túmọ̀ sí ní London, pàápàá nínú ìwé òfin. Ní oṣù kìíní 2020, Oxford English Dictionary gba ìlò Nàìjíríà yìí wọlé, pẹ̀lú “qualitative” tí a ń lò fún ẹ̀kọ́ tó dára gan-an, “okada”, “danfo” àti “buka”. Ìdájọ́ tó bọ́gbọ́n mu ni pé Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà kì í ṣe àléébù, ó sì yẹ kí ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ lò ó láìtijú nígbà tó bá ń kọ ìtàn nípa ìlú rẹ̀. Nínú ìdánwò àti nínú lẹ́tà tó ń lọ sókè òkun, “several times” ni kó kọ, nítorí òǹkàwé ibẹ̀ yóò gbọ́ ohun mìíràn. Mímọ méjèèjì, àti mímọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yẹ, wà lára ìmọ̀ tó jinlẹ̀. “Opportuned” ti yàtọ̀ sí èyí: ọ̀pọ̀ atúmọ̀ èdè kò gbe “I was not opportuned to come” lẹ́yìn, “I did not have the opportunity to come” sì ti ṣe gbogbo iṣẹ́ tó yẹ kó ṣe.

Ìdánwò WAEC ní ìbéèrè kan tó ń tú àṣírí ìmọ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn àyọkà, wọ́n máa ń mú àwọn ọ̀rọ̀ kan jáde, wọ́n á ní kí akẹ́kọ̀ọ́ wá òmíràn tó ní ìtumọ̀ kan náà, tó sì lè gba àyè rẹ̀ níbẹ̀. Apá kejì ìbéèrè náà ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Bí àyọkà bá ní “abandoned”, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ “leave”, ìtumọ̀ tọ́, ṣùgbọ́n kò bá ìgbà tí gbólóhùn náà ń sọ mu; “left” tàbí “deserted” ló lè wọ ibẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sínú gbólóhùn náà, kó kà á jáde pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, kó tó kọ ìdáhùn. Irú ìyà yìí kan náà ló ń jẹ “equipment”, “information”, “advice” àti “furniture”. Yorùbá ń sọ “àwọn irinṣẹ́” àti “àwọn ìmọ̀ràn”, ọmọ á wá kọ “equipments” àti “advices”. Gẹ̀ẹ́sì ka àwọn wọ̀nyí sí ohun tí a kò lè kà ní ení, èjì: “a piece of advice” ni.

Ohùn ni ẹ̀ka tí a máa ń fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdánwò, ó sì jẹ́ ohun ìbànújẹ́, nítorí ọmọ Yorùbá ní etí tó mú fún un. Ẹni tó mọ ìyàtọ̀ igbá, ìgbà àti igba kò yẹ kó ṣòro fún láti gbọ́ pé agbára wà ní sílébù àkọ́kọ́ nígbà tí “conduct” bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, tó sì wà ní ìkejì nígbà tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. “Record” àti “object” ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni Yorùbá ń wò, Gẹ̀ẹ́sì sì ń tẹ sílébù kan mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ó ń sọ àwọn yòókù di kíkúrú. Kí a máa fa ìlà sábẹ́ sílébù tó wúwo ní ọjọ́ tí a bá kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ibo ni a ó ti rí ọ̀rọ̀? Àkójọ tí a há sórí láìka ìwé máa ń tètè pòórá. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tí a bí ní 1909, kò gba ojú ọ̀nà tó tẹ́jú dé ibi tó dé: ó ṣe olùkọ́, ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe oníròyìn, ó fi lẹ́tà kẹ́kọ̀ọ́ gboyè ìṣòwò ti London ní 1944 kó tó lọ kọ́ṣẹ́ amòfin. Path to Nigerian Freedom tí ó kọ jáde ní 1947, ìwé tí ẹni tó wà ní SS3 lè kà pẹ̀lú atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kún fún irú ọ̀rọ̀ tí ń gbé àríyànjiyàn ró. Nigerian Tribune tí ó dá sílẹ̀ ní 1949 ṣì ń jáde, ọ̀rọ̀ olóòtú rẹ̀ sì kúrú tó láti kà láàárọ̀ kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ S. A. Ṣóyínká, olùkọ́ tó jẹ́ ọmọ Ìsarà, ni ọmọ rẹ̀ Wọlé fi sọ ọ́ ní “Essay” nínú ìwé tó kọ nípa rẹ̀ ní 1989. Ẹ̀rí nìyẹn pé ìfẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ nílẹ̀ Rẹ́mọ.

Táí Ṣólàárín, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1956 pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ Sheila, yẹ kí a kà nítorí ìdí mìíràn. Àròkọ rẹ̀ tó lókìkí jù, tó jáde nínú Daily Times ní ọjọ́ kìíní ọdún 1964, ni “May Your Road Be Rough”. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú àkọlé náà tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò mọ̀. Agbára rẹ̀ wà nínú ibi tó fi “rough” sí: ní ọjọ́ tí gbogbo ilé ń gbàdúrà kí ọ̀nà ó tẹ́jú, ó fi ọ̀rọ̀ kékeré kan dojú àdúrà náà kọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti kọ́ ọ̀rọ̀ líle 100 yóò ṣe dáadáa bó bá ka àròkọ yìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò wọ́n, kó lè rí i pé òǹkọ̀wé ń yan ọ̀rọ̀ nítorí iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe, kì í ṣe nítorí gígùn rẹ̀.

Ìwé ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò ọ̀ṣọ́. Ojú ìwé kan fún ọ̀rọ̀ méjì ti tó: ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìlà lábẹ́ sílébù tó wúwo, ìtumọ̀ ní Yorùbá, àwọn ọ̀rọ̀ tó ń bá a rìn, gbólóhùn tí a ti rí i nínú ìwé, àti gbólóhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ìlú rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀. Kó tún un wò ní ọjọ́ kejì, kó tún un wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kó sì tún un wò lẹ́yìn oṣù kan, pẹ̀lú ọwọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, kó máa fi gbólóhùn wá a. Ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ́sẹ̀ tí a kọ́ báyìí sàn ju 50 tí a dà kọ láti inú ìwé àdìpọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti ka gbólóhùn akẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe láti máa béèrè ìtumọ̀ nìkan, nítorí inú gbólóhùn ni àṣìṣe ẹgbẹ́, ti ìwúwo àti ti gírámà ti ń yọjú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ti jáde nínú àròkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láì jẹ́ pé yíǹkì pupa kàn án, kí a fa ìlà sí i nínú ìwé, kí a sì fi òmíràn sí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e.